Ọ̀pá Tó Mọ Títẹ̀

Ọ̀pá oparun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ṣẹ́ sí méjì
lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, létí Ọ̀wẹ̀nà.
Ìwọ̀ há sábẹ́ omi, mo fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ ọlọ́kàn líle.
Ó ké pàà.
Àrọ̀ tí mo rò pé mo mú,
kùkùté ni.

Ni mo ṣe gba Arákàlẹ̀ lọ lánàá,
ẹgbẹ̀rún méjìlá ni mo dì sétí ìró,
ohun tó ṣẹ́kù nínú owó ìfẹ̀yìntì
lẹ́yìn owó iná, lẹ́yìn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.
Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta páìpù omi:
àwọ̀n rọ̀ sílẹ̀ láti òkè bí ìtàkùn,
àwọn ọ̀pá ìpẹja tò sí kọ̀rọ̀
bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé.

"Ṣé bàbá lẹ fẹ́ rà á fún, màmá?"
"Bàbá ti lọ síbi tí ẹja kì í ti í jẹ ìdẹ.
Èmi gan-an ni n óò lò ó. Kó wọn wá."

Ó kọ́kọ́ na dúdú kan sí mi, ó ń dán bí bàtà ọdún Kérésì,
kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn rẹ̀ ń yí láìdún.
Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta.
Mo dá a padà kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n lára.

Èkejì pupa, èyí tí a ń fà yọ bí eríálì rédíò,
ẹgbẹ̀rún mẹ́fà péré. Owó rẹ̀ dùn létí.
Mo mì ín: oríkèé rẹ̀ ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀
bí orúnkún mi nígbà tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn báńkì.
Méjì tí mo ní ti tó mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo mọ ọ̀pá.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi di pàṣán mú níwájú kíláàsì,
àtòrì, ẹ̀ka gúáfà.
Mo mọ èyí tó ń tẹ̀ tó sì ń padà sípò,
mo mọ èyí tí yóò ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì,
mo mọ èyí tí ọmọ á kàn rí, tí omi á ti bọ́ lójú rẹ̀.
N kì í fi ìmọ̀ yìí yangàn mọ́.

Ẹ̀kẹta, aláwọ̀ ewé, ìdìmú rẹ̀ ti họ díẹ̀.
Mo so kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ ṣóńṣó rẹ̀,
ó tẹríba wẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ dúró gbọin.
Mo tú kọ́kọ́rọ́, ó na ara rẹ̀ bí ọmọ tó jí lójú oorun.
Mo fa etí gèlè mi gba inú àwọn òrùka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
bóyá èyí tó sán yóò fà á ya.
Kò sí.

"Èló?"
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá, tòun ti kẹ̀kẹ́ okùn."
"Méjìlá ni mo ní."
Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín.
"Tíṣà, ẹ ò mọ̀ mí? Akíndúró, kíláàsì kẹrin, àga ẹ̀yìn.
Ẹ nà mí nítorí méje lọ́nà méjì.
Mẹ́rìnlá ni, tíṣà. N ò gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ náà."

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀
bí ẹni pé ilà yẹn yóò ṣì wà níbẹ̀.
N kò rántí ojú rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Kò dín kọ́bọ̀. Ó gba méjìlá, ó ṣí ìwé gbèsè,
ó fi báírò pupa kọ orúkọ mi, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀:
"Ẹ ṣe àtúnṣe kí oṣù tó parí."
Ó wá wé ìwọ̀ kékeré márùn-ún sínú ìwé ìròyìn,
ó tì í bọ inú báàgì mi, kò sọ̀rọ̀.

Òwúrọ̀ yìí, orí ọ̀pá náà ń mì lórí Ọ̀wẹ̀nà.
Ó lè jẹ́ epìyà.
Ó lè jẹ́ omi lásán tó ń kọjá lọ.
N kò tíì fà á. Ọwọ́ mi ni mo ń kọ́ ní sùúrù,
akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé.